Iwájú Ilé Bàbá Oníkìnnìún

Táìsì! Àní táìsì aláwọ̀ wàrà, tó ń dán bí ilẹ̀ báńkì! Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ iwájú ilé Bàbá, wọ́n sì ní èmi gan-an ni kí n lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ṣebí iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti Èkó, ojú á tì wá tí wọ́n bá bá ògiri yẹn bó ṣe wà. Ojú ta ni? Ojú tèmi ò tì mí o. Bàbá wà nínú ilé yẹn láti ìgbà tó ti lágbára títí tó fi di arúgbó, ojú ò tì í. Ìgbà tó wá kú tán, tí ò lè dá ẹnì kankan lóhùn mọ́, ni ojú wá ń ti gbogbo èèyàn. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti tún dé, Rọ́fíátù oníbínú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n mí ná.

Bàbá tí mò ń wí yìí ló bí bàbá mi. Mùráínà lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tẹ́ ẹ béèrè Mùráínà, wọ́n á kàn máa wojú yín ni. Ẹ béèrè Bàbá Oníkìnnìún. Ọmọ tí ò tíì mọ bàtà ẹ̀ wọ̀ dáadáa á fà yín lọ́wọ́ débẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó wà láàárín òpópó, tí fèrèsé ẹ̀ jẹ́ onípákó, tí páànù orí ẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìrun, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ṣàìsàn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, ó fọ abọ́ mọ́ tónítóní, ó wá ní iyọ̀ ẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó máa sun ún. Ẹni tó mọ Bàbá, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa á.

Ẹ má pè é ní birikìlà o. Birikìlà ló ń to búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ ti Bàbá ni àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa ń rí lára ilé àtijọ́: òdòdó sìmẹ́ńtì lókè fèrèsé, òpó tó lọ́ bí okùn, ewé tó ń ya jáde lórí òpó, ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn lókè ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé sí Èkó ni òun náà ti kọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wá gba ilé gbé lọ́dọ̀ wa pè é ní birikìlà lójú mi báyìí. Bàbá yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ó wo ọ̀gbẹ́ni náà látòkè délẹ̀. Ó ní, "Birikìlà ló bí ilé sáyé ní ìhòòhò. Èmi ni mo wọṣọ fún un."

Tó bá ti kírun Alaásárì tán, á mú ọ̀pá, á ní, "Rọ́fí, ó yá, ká lọ kí wọn." Nígbà tí mo kéré mo rò pé èèyàn la fẹ́ lọ kí. Èèyàn wo? Ilé ni Bàbá ń kí! Á dúró síwájú ilé, á kí i dáadáa, á sì pè é lórúkọ, torí gbogbo ilé tó wà lópòópó yẹn ló sọ lórúkọ. Olójú Mẹ́ta ni ilé tó ní fèrèsé róbótó mẹ́ta lókè. Ìyàwó ni èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì hun bákónì òkè ẹ̀ bíi léèsì. Abiyamọ ni èyí tí òrùlé ẹ̀ bò wálẹ̀ bí adìẹ tó sàba. Tó bá kí i tán, á fi oríkèé ìka kan òpó, kó, kó, kó, á gbé etí sí i. Tó bá dún bí igbá òfìfo, a jẹ́ pé ìrẹ́lé, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ẹ̀, ti ń ṣí nínú, kò ní pẹ́ já bọ́.

Ọjọ́ kan ó kan òpó ilé Abiyamọ, ojú ẹ̀ yí padà. Ó pariwo wọ inú ilé, "Ìyá Sùláì! Ìyá Sùláì o! Ilé ń ṣàìsàn!"

Ìyá Sùláì tó ń ta gààrí dá a lóhùn láti inú yàrá, "Ẹ̀yin Bàbá yìí! Èmi ni mo dùbúlẹ̀ àìsàn láti àná, ẹ ò béèrè mi, ilé lẹ̀ ń béèrè!"

Bàbá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lẹ́nu. Òun ò lẹ́nu."

Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn èèyàn á máa pè é ní Àlàájì. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó dé fìlà, Àlàájì nìyẹn. Bàbá ò lọ Mẹ́kà rí. Ó máa ń dúró ni tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á wo ẹ̀yìn, á wo iwájú, bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Á wá ní, "Èmi ni Mùráínà. Tí ẹ bá rí Àlàájì yẹn, ẹ bá mi kí i."

Orúkọ kìnnìún yẹn ńkọ́? Mo ń bọ̀.

Ìmùṣin, ìlú kékeré kan nítòsí wa, ni wọ́n ti bí Bàbá. Ó wá kọ́ṣẹ́ sí Òde, ó ku díẹ̀ kí ọ̀gá ẹ̀ fún un lómìnira, ni bàbá kan tó ń ta obì lọ sí Òkè Ọya bá ń kọ́lé sí òpópó wa. Bàbá olóbì yìí ní òun fẹ́ kìnnìún méjì sórí òpó kúkúrú ẹnu ọ̀nà òun, kí ẹ̀rù máa ba àwọn èèyàn. Ọ̀gá wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní, "Mùráínà, lọ ṣe é." Kìnnìún wo ni Mùráínà mọ̀? Níbo ló ti fẹ́ rí i, ní Ìmùṣin? Àwòrán kan ṣoṣo ló rí, lára agolo kan ni, orí nìkan ló sì hàn níbẹ̀. Ara ńkọ́? Bàbá wo ajá ilé ọ̀gá ẹ̀, ajá náà wo Bàbá. Ló bá so ajá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́, ó ju egungun sí i kó lè jókòó, ó ń wò ó, ó ń mọ sìmẹ́ńtì.

Nígbà tó máa fi parí, irun ọrùn kìnnìún pé, èékánná ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó yọ ahọ́n síta, etí ẹ̀ ṣẹ́ wálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ajá tó rí ẹni tó ni ín tó ń ti ọjà bọ̀. Méjèèjì o! Gbogbo àdúgbò jáde lọ́jọ́ tí bàbá olóbì dé. Wọ́n ní lónìí ni wọ́n máa na ọmọ Ìmùṣin yìí. Bàbá olóbì yí òpó náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń fún un jẹ?"

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó mọ irọ́ pa. Ó ní, "Egungun ni, sà."

Bàbá olóbì rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi já bọ́. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àwọn kìnnìún yẹn wà níbẹ̀ di báyìí, etí ọ̀kan ti kán, àwọn ọmọ sì máa ń gun ẹ̀yìn wọn tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Wọ́n ní kí n ṣe ohun tí mi ò rí rí. Mo ṣe ohun tí mo rí."

Ṣùgbọ́n ó dùn ún o. Ó dùn ún gan-an, ó kàn ń bò ó ni. Nígbà tó kọ́lé tiẹ̀, ó ní láéláé, òun ò ní fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ dán an wò lára ilé ara òun, kí onílé wá fojú ẹ̀ rí i, kó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ògiri wa ṣe di bó ṣe dà nìyẹn. Kò sí òdòdó méjì tó jọra lára ẹ̀. Eléwé márùn-ún wà, eléwé mẹ́jọ wà, àgbàdo wà lábẹ́ fèrèsé òsì, ẹja wà, òṣùpá wà, okùn tó ta kókó wà. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ẹ̀, ilé mẹ́tàdínlógún ló sì ni wọ́n, torí Bàbá kì í ṣe irú kan náà fún ilé méjì ní òpópó kan. Tí ara ilé ẹnì kan bá wó, ọ̀dọ̀ wa ló máa sáré wá, torí ẹ̀dà tiẹ̀ wà lára ògiri wa. Ẹni tí ò mọ̀ á ní ilé yìí rúdurùdu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi fóònù ya fọ́tò kiri ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi àkísà lẹ̀. Mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Má bínú sí i. Ó rò pé ilé kan lòun ń wò. Òpópó ló ń wò."

Màmá Ayépé ni ìyàwó Bàbá, ìyá tó bí bàbá mi, Ayépé ni wọ́n ti gbé e wá. Ìjà àwọn méjèèjì ò ju orí abọ́ lọ. Bàbá ò ra ohun èlò kankan tí Màmá bá ti ní i nílé ìdáná. Abọ́ ló fi ń mọ òdòdó kó lè rí róbótó. Ọmọrí ìkòkò ló fi ń ṣe òṣùpá. Òòyà irun Màmá ló fi ń fa ilà ara ewé. Ọjọ́ kan Màmá se ìkọ́kọrẹ́ tán, kò rí abọ́ kan báyìí tó máa bù ú sí. Ó gbé ìkòkò náà lé orí bó ṣe gbóná, ó rìn gba àárín òpópó lọ sí ibi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ àkàbà.

"Bàbá Jímọ̀, abọ́ mi dà?"

"Ó wà lókè níbí. Kò tíì gbẹ."

"Inú kí lẹ fẹ́ kí n bu oúnjẹ yín sí?"

"Ẹ ṣáà fi ìkòkò sílẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ á yí i ká."

Wọ́n sì yí i ká lóòótọ́, Màmá náà jókòó tì wọ́n. Títí dòní, tí wọ́n bá ń yin Bàbá lójú ẹ̀, á yínmú. "Ẹ máa yin ọkọ mi," ó ní. "Abọ́ mi ni kí ẹ yìn."

Kí n tó gbàgbé, pèpéle. Gbogbo ilé àtijọ́ ló ní in níwájú, ẹ mọ̀ ọ́n, ibi gíga tí wọ́n rẹ́ kalẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sí. Òfin Bàbá ni pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, a ò gbọdọ̀ bi í pé kí ló wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Dádì Ìkòròdú, òun ni àkọ́bí, òun ni Jímọ̀ tí Màmá fi ń pe Bàbá, ó dé lọ́jọ́ kan ó bá obìnrin kan tó nà gbalaja lórí pèpéle, ẹrù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń hanrun. Dádì fẹ́ lé e. Dádì kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì. Òun ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ẹsẹ̀ mi dá, òun ló ra ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìsì fún mi nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé obìnrin kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́ràn kí nǹkan mọ́, kó gún, kó dọ́gba. Bàbá ní kó fi obìnrin náà sílẹ̀. Dádì ní, "Ṣebí ilé yín ni, Bàbá?" Bàbá ní, "Ẹnu ilẹ̀kùn ni ilé mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá rẹ̀ ló ni pèpéle."

Orí pèpéle yìí náà ni Bàbá ti ń bá Bàbá Tíṣà jà. Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, oní-ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an. Bàbá ló ṣe ara ilé yẹn, òdòdó eléwé mẹ́jọ lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ó kun àwọn ewé ní pupa àti yẹ́lò. Ọdún kan, Bàbá Tíṣà lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ eérú, ó fi kun gbogbo ilé, òpó, òdòdó, gbogbo ẹ̀, bákan náà. Ó ní òun ti dàgbà, òun fẹ́ nǹkan jẹ́jẹ́. Bàbá jáde láàárọ̀, ó wò ó, ó wọlé padà. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ọdún mẹ́sàn-án! Wọ́n á sì jókòó kọjú síra wọn lójoojúmọ́, oníkálukú lórí pèpéle tiẹ̀. Èmi ni ìránṣẹ́ àárín. Bàbá á ní, "Rọ́fí, sọ fún ará iwájú pé òjò ń bọ̀, kó ká aṣọ ẹ̀." Kí n tó dìde, Bàbá Tíṣà á ti dáhùn, "Rọ́fíátù, sọ fún bàbá ẹ pé mo lójú." Òpópó ọ̀hún ò fẹ̀ ju kí mọ́tò méjì kọjá lọ! Wọ́n ń gbọ́ra wọn yékéyéké! Tó bá di Iléyá, Bàbá á gbé itan àgbò lé mi lórí, á ní kí n gbé e sọdá. Tó bá di Kérésì, ìrẹsì àti adìẹ á sọdá wá. Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ṣé ọ̀tá ẹni náà la tún ń fún lẹ́ran. Ó bínú sí mi. Ó ní, "Ẹnu ni mo fi ń bá a jà. Mi ò fi ikùn bá a jà."

Ọjọ́ wá pé. Típà kan tó kó yanrìn wá fẹ́ yí padà lópòópó, ó fi ìdí gbá òpó ilé Bàbá Tíṣà. Òpó dúró o, ṣùgbọ́n òdòdó orí ẹ̀ fọ́ wálẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bàbá Tíṣà pe birikìlà kan láti Odogbolu, ọmọ yẹn ní kò sí wàhálà, òun á kàn gbé sìmẹ́ńtì onígun mẹ́rin lé e. Bàbá jókòó lórí pèpéle, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò lè jẹun. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ń wo òpó.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo rí i tó ń po amọ̀ nínú abọ́ Màmá. Ó lọ síbi òdòdó eléwé mẹ́jọ lára ògiri wa, ó tẹ amọ̀ mọ́ ọn, ó rọra ṣí i kúrò, gbogbo ewé ti hàn nínú ẹ̀. Ó sá a sí òjìji. Nígbà tó le, ó fi epo pupa pa inú ẹ̀ kí sìmẹ́ńtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ó da sìmẹ́ńtì sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n gbé àkàbà sọdá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, èmi ò tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gun òkè, mo di àkàbà mú.

Bàbá Tíṣà jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìròyìn. Ó jókòó, ó ṣí ìwé ìròyìn. Ó dorí ẹ̀ kodò, kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Rọ́fíátù, sọ fún ẹni tó wà lókè yẹn pé ọjọ́ orí ẹ̀ ò gba àkàbà mọ́."

Bàbá ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Rọ́fí, sọ fún ẹni tó jókòó pé tí ẹ̀rù bá ń bà á, kó wá di àkàbà mú."

Mo ṣì ń ronú èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́, ni mo rí ọwọ́ méjì tó di àkàbà mú lókè ọwọ́ mi. Bàbá Tíṣà ni.  Ìgbà tí Bàbá sọ̀kalẹ̀ tán, tó ń nu ọwọ́, ni Bàbá Tíṣà gbójú sókè wo òpó. Ó ní, "Mùráínà. Àwọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná?"

Bàbá ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ìbéèrè yẹn."

Pupa àti yẹ́lò ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ lọ wò ó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ táìsì wá kù. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí jókòó sí pálọ̀ òkè. Dádì Ìkòròdú wà níbẹ̀, bàbá mi, Àǹtí Múnírà tó jẹ́ àbúrò wọn, àwọn ìyàwó, àwa ọmọ lẹ́bàá ògiri. Màmá Ayépé jókòó sórí ẹní nínú aṣọ opó. Páálí táìsì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀. Dádì ti rà á kó tó pe ìpàdé!

Dádì sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá wa kì í ṣe ẹni tí ò lọ́mọ. Tí àwọn èèyàn bá wá sí fídáù ogójì ọjọ́, wọn ò gbọdọ̀ bá ilé ẹ̀ bí ilé ẹni tí ò lọ́mọ." Àwọn ìyàwó mi orí. Ojú Dádì pọ́n, ó ti sunkún. Ó wá kọjú sí mi. "Rọ́fíátù, ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ fi òòlù gba àwọn kókó ara ògiri yẹn dànù, kí táìsì lè jókòó."

Kókó! Ó ní kókó!

Mo ní, "Dádì, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é."

"O ò lè ṣe kí ni?"

"Mi ò lè gbá a dànù, sà."

"Kò burú. Màá pe ẹlòmíì."

Ibẹ̀ ni ara mi ti gbóná. Mo dìde dúró. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ẹ fọwọ́ kan ẹyọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sọ ilé tó ni ín fún mi. Ẹyọ kan péré. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, lónìí yìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

 Dádì wo fèrèsé. Ó wo bàbá mi. Kò mọ ẹyọ kan. Gbogbo wa rí i pé kò mọ ẹyọ kan. Ó ní, "Èmi ni ò ń dán wò? Èmi, lójú àwọn ìyàwó mi?"

Bàbá mi ní, "Rọ́fíátù, jókòó! Pa ẹnu ẹ dé!"

Mi ò jókòó. Mo ní, "Ọmọ Bàbá ni yín, Dádì, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ilé yìí rí."

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Àǹtí Múnírà kígbe, "Yéè! Sí ẹ̀gbọ́n wa?" Ẹnì kan fà mí láṣọ kí n kúnlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fà mí ni Màmá Ayépé ti sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Jímọ̀, ọmọ mi. Abọ́ mi mẹ́fà ló wà lára ògiri yẹn. Kó gbogbo wọn fún mi ná, kó o tó bò ó."

Dádì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀, ó sì lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ìyẹn dùn mí, kí n má parọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá yẹn, wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́, Dádì náà ò pe ẹlòmíì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ògiri náà fún ọjọ́ méjì, mo fọ gbogbo ewé níkọ̀ọ̀kan, Bàbá Tíṣà gbé àga wá síwájú ilé wa ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tí mo fò. Fídáù ogójì ọjọ́ ti kọjá. Àwọn àlejò Èkó dé, wọ́n rí ògiri, kò sẹ́ni tó kú. Dádì náà dúró síwájú ẹja àti òṣùpá, ó ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ yẹn. Kò dá mi lóhùn. Mo pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e.

Àǹtí Múnírà ní mo gbọ́dọ̀ lọ sí Ìkòròdú lọ bẹ̀ ẹ́. Màá lọ. Màá kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀ títí eékún á fi bó, torí ó jù mí lọ, ó sì ti ṣe mí lóore, àti pé mo ti dójú tì í níwájú àwọn ìyàwó àti ọmọ ẹ̀. Ìyẹn ò dáa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún sọ pé kò yẹ kí n sọ ọ́ rárá, pé ọmọdé tó gbọ́n, ṣe ló yẹ kó dákẹ́, kó jẹ́ kí àgbà ṣe bó bá ṣe wù wọ́n, kó máa sunkún nínú yàrá. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ò ti yé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka eléyìí, ẹ dákun, ẹ má wojú mi dáhùn. Ká ní pálọ̀ yẹn lẹ wà, tí òòlù ti wà nílẹ̀, tí ọjọ́ Ajé sì ti sún mọ́, ẹ̀yin á dákẹ́?